Àlejò Tí Ó Fẹ́ Dá Wà

Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti kéde rẹ̀, lẹ́yìn ìwàásù, kí á tó gbé igbá ọrẹ. Wọ́n ní ìlú wa àti ìlú kan lókè òkun, ìlú kan tó tutù gan-an, ti di ìbejì. Àwọn ọ̀dọ́ wọn tó ń sáré, tó ń fò, tó ń gbá bọ́ọ̀lù ń bọ̀ wá bá tiwa ṣeré ìdárayá. Tó bá di ọdún tó tẹ̀ lé e, tiwa náà yóò lọ sọ́dọ̀ wọn. Wọn ò fẹ́ kí àwọn ọmọ náà dé sí òtẹ́ẹ̀lì. Inú ilé ni wọ́n fẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan máa gbé, kí ó lè mọ bí a ṣe ń ṣe.

Ọ̀rẹ́ mi, ẹni tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi ní Iyere, tí a sì jọ ń jókòó lórí bẹ́ńṣì kan náà, fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi.

"Ìbejì kẹ̀? Ta ni Táyé, ta ni Kẹ́yìndé?"

"Èyí tó lówó ni Kẹ́yìndé. Ẹ̀gbọ́n ni, kò kánjú jáde."

Ó fi ìborùn bo ẹnu kí àlùfáà má bàa rí ẹ̀rín rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi kò rẹ́rìn-ín pẹ́. Mo ti ń ro yàrá tí ó wà lápá ọ̀tún nílé mi.

Yàrá mẹ́rin ni ọkọ mi kọ́. Iṣẹ́ ìjọba ló ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó sì gbà pé àwọn ọmọ wa yóò máa kó àwọn ọmọ tiwọn wá. Wọ́n ń wá lóòótọ́, nígbà Kérésì. Tí Kérésì bá ti kọjá, alángbá ló ń gbé inú àwọn yàrá yẹn. Nígbà tí ọkọ mi kú, àwọn obìnrin ẹbí wá tẹ́ ẹní sí yàrá mi, wọ́n sùn tì mí títí a fi ṣe ogójì ọjọ́. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, oníkálukú ká ẹní rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò jí nínú ilé yẹn kí ó kí mi káàárọ̀, àfi nígbà Kérésì tí mo wí. Mo ti ṣíwọ́ iyán gígún pàápàá. Iyán ẹnìkan kì í jẹ́ kí odó dún bó ṣe yẹ kó dún.

Ọmọbìnrin mi tó wà ní Ìbàdàn ti mú mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ rí. Ilé wọn dára, gíláàsì ni gbogbo fèrèsé. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, ọkọ a jáde, ìyàwó a jáde, àwọn ọmọ a lọ sí ilé ìwé, wọn a wá ti géètì mọ́ èmi àti tẹlifíṣọ̀n. Mo ní kí wọ́n dá mi padà sílé. Ó kéré tán, ní Iyere, ewúrẹ́ máa ń wọlé wá bá ènìyàn.

Nítorí náà, nígbà tí a ka oore-ọ̀fẹ́ tán, mo lọ bá tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé gíga ní eré ìdárayá. Òun ni wọ́n fi ṣe olórí ètò náà. Obìnrin ni, kò tíì tó ogójì ọdún, bàtà kánfáàsì ló máa ń wọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní mo fẹ́ gba ọmọ kan. Ó wá wo ilé mi. Ó ṣí ẹ̀rọ omi, ó fa omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wò bóyá ó ń ṣàn, ó fi ìka tọ́ nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé.

"Màmá, ilé yín mọ́. Omi inú ike ni kó máa mu o. Ẹ má fi ata pá a. Ẹ má sì jẹ́ kó nìkan máa rìn lọ sí ojú títì."

"Kó nìkan rìn kẹ̀? Tíṣà, ṣé o rí mi bí ẹni tí í fi àlejò sílẹ̀ ní òun nìkan?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun mọ̀ pé ọwọ́ rere ni ọmọ náà máa bọ́ sí.

Ọdún Igogo tí àwọn obìnrin Ọ̀wọ̀ kì í fi wé gèlè ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni, a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í wé gèlè, nígbà tí bọ́ọ̀sì wọn dé. Orí pápá ni wọ́n ti pín wọn fún wa. Ọmọbìnrin tó kàn mí ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bí ti lékeléke, irun rẹ̀ dà bí irùkẹ̀rẹ̀ àgbàdo tí kò tíì gbó. Bóyá ó tó ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Eré ọlọ́nà jíjìn ni ó ń sá. Bó ṣe rí mi, ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì nínú eruku, ó ní, "Ẹ káàsán, mà." Ẹnìkan ti kọ́ wọn nínú bọ́ọ̀sì. Orí mi wú. Mo gbé e dìde, mo gbọn eékún rẹ̀, mo gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Mo fẹ́ kí ọmọ náà lo ọ̀sẹ̀ méjèèjì nílé mi, kí ara tù ú, kí ó má bèèrè fún ilé ẹlòmíràn. Mo sì mọ bí a ṣe ń tọ́jú àlejò. Bẹ́ẹ̀ ni mo rò.

Tó bá jókòó sídìí oúnjẹ, mo máa jókòó kọjú sí i, màá máa bù kún un. Tó bá wọ balùwẹ̀, màá dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú korobá omi gbígbóná. "Ṣé ó tó? Ṣé kí n fi kún un?" Gẹ̀ẹ́sì tí mo gbọ́ kò ju ti inú ọjà lọ, ṣùgbọ́n korobá kò nílò ògbufọ̀. Àwọn aládùúgbò ń wọlé wá kí i láti òwúrọ̀, àwọn kan mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́, àwọn kan mú ojú nìkan wá. Wọ́n á jókòó yí i ká. Yóò máa rẹ́rìn-ín sí wọn. Nígbà tó bá yá, yóò dìde, yóò wọ yàrá, yóò sì ti ilẹ̀kùn.

Ọmọ tó bá ti ilẹ̀kùn mọ́ra ní ọ̀sán gangan, níbi tí a ti tọ́ mi dàgbà, àìsàn ni tàbí ìbínú. Mo máa kàn án, mo máa wọlé, mo máa jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Mo fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀: kò gbóná. Mo ní, ilé ló ń rò, ọmọ ọlọ́mọ. Mo bá gbé ẹní mi lọ tẹ́ síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kó má bàa dá sùn nílé onílé. Ó wo ẹní, ó wo mí, ó ní, "Okéè, Màmá." Kí n má purọ́, mo sùn dáadáa. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ mímí ẹlòmíràn nínú òkùnkùn.

Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ló máa ń lọ sáré, láti ilé dé pápá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, yóò sì yí pápá náà ká lọ́pọ̀ ìgbà. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo rìn tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n kí n tó dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ, n kò rí i mọ́. Ní ọjọ́ kejì, mo pe ọlọ́kadà tó máa ń gbé mi lọ sí Ọ̀wọ̀.

"Máa tẹ̀ lé ọmọ yẹn, rọra."

"Màmá, ọ̀kadà kì í rìn bí ìgbín. Ẹ́ńjìnnì á kú."

"Fi sí gíà kìíní. Tó bá kú, a ó tún un jí."

Mo gun ẹ̀yìn rẹ̀, mo gbé omi inú ike lé itan, a bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e. Ọmọ náà wẹ̀yìn. Ó fi kún eré. Ọlọ́kadà náà fi kún un. Nígbà tí a dé oríta, obìnrin tó ń dín àkàrà níbẹ̀ gbé ṣíbí rẹ̀ sókè.

"Màmá! Ẹ̀yin lẹ ó gba ife ti ọdún yìí o!"

"Dín àkàrà rẹ, ó ń jóná!"

Gbogbo oríta rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé pápá, ọmọ náà ò yí i ká. Ó jókòó sídìí òpó góòlù, ó ki orí sáàárín eékún méjèèjì, mo sì rí i tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo na omi sí i. Ó gbà á, ó dì í mú, kò mu ún. Ọlọ́kadà náà wo ibòmíràn.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni tíṣà dé. Kò jókòó.

"Màmá, ẹ má bínú sí mi. Wọ́n fẹ́ gbé ọmọ náà lọ sí ilé mìíràn, ní àárín Ọ̀wọ̀."

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ ò ṣe ohun búburú kankan. Ọmọ náà ò sùn dáadáa láti ọjọ́ tó ti dé, eré rẹ̀ sì ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní ẹ dára, ẹ dára gan-an. Ó kàn fẹ́ dá wà ni."

"Ó fẹ́ dá wà? Ta ló ṣẹ̀ ẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ ẹ́."

"Ó dáa, kí ló dé tí ènìyàn máa wà láàyè, tí ara rẹ̀ le, tí yóò máa wá ibi tí kò sí ènìyàn?"

Tíṣà wá jókòó wàyí. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó gbé e lé orí tábìlì. "Màmá, tí iná fóònù yín bá ti ń tán, kí lẹ máa ń ṣe?"

"Màá fi sẹ́nu iná."

"Tí ẹ bá fi sẹ́nu iná, ṣé ẹ tún ń fà á yọ ní gbogbo ìṣẹ́jú láti bi í léèrè bóyá ó ti kún?"

Mo wo ilẹ̀kùn yàrá ọmọ náà.

"Tí ọmọ yẹn bá ti ilẹ̀kùn, ẹnu iná ló wà."

Tí wọ́n bá gbé e lọ, gbogbo Iyere ni yóò gbọ́ pé àlejò sá nílé mi. Ìtìjú ni. Ṣùgbọ́n ìtìjú kọ́ ni mo ń rò níbi tí mo jókòó sí. Yàrá ni mo ń rò, bí yóò ṣe rí tí mo bá ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì náà kí ọ̀sẹ̀ kìíní tó parí.

"Tíṣà, fún mi ní ọjọ́ kan."

"Kí lẹ fẹ́ ṣe sí i?"

"Màá fi í sílẹ̀."

"Ẹ̀yin? Màmá, ṣé ẹ lè ṣe é?"

"Ta ló mọ dídá wà jù mí lọ ní gbogbo Iyere?"

Ó ní kò burú, òun á padà wá lọ́la.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo gbé ẹní mi jáde. Ọmọ náà ń wò mí láti orí bẹ́ẹ̀dì, ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tọ́ka sí ẹní, mo tọ́ka sí yàrá tèmi, mo wá fa ilẹ̀kùn dé fúnra mi. Ọwọ́ mi pẹ́ lórí ọwọ́ ilẹ̀kùn náà. Lẹ́yìn náà, mo sọdá lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi.

"Bá mi sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n má wá kí i mọ́."

"Kí wọ́n má wá? Èmi tí mo ti gbé ẹ̀wà kaná nítorí rẹ̀?"

"Gbé ẹ̀wà náà wá bá mi lẹ́yìnkùlé."

"Háà! Àlejò ti lé onílé sí ẹ̀yìnkùlé. Tó bá di ọ̀la, á ní kí o máa san owó ilé."

Síbẹ̀, ó gbé ẹ̀wà náà wá, a jẹ ẹ́ pọ̀ lábẹ́ igi ìbẹ́pẹ, a ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí olè.

Ó ṣòro fún mi. Kí ènìyàn gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún àlejò, kí ó dé e, kí ó kọ ẹ̀yìn sí i kó máa lọ! Adìẹ la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Mo se ẹyin, mo gbé búrẹ́dì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tì í, mo lọ jókòó sẹ́yìnkùlé, mo ń bó ẹ̀gẹ́. Mo gbọ́ nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Mo gbọ́ àwo. Mo gbọ́ omi ẹ̀rọ tó ń dà. Ó ń fọ àwo náà fúnra rẹ̀. Àwọn ìbéèrè kún ẹnu mi: ṣé o yó, ṣé ẹ̀fọn ò jẹ ọ́, ṣé o ti bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀? Mo gbé gbogbo wọn mì bí ẹni gbé àgúnmu mì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó jáde lọ sáré. Èmi dúró sẹ́yìn aṣọ fèrèsé, mo ń wo bàtà funfun rẹ̀ títí ó fi yà ní kọ̀rọ̀. Mo gbàdúrà. N kò pe ọlọ́kadà. Ó padà dé, òógùn bò ó, ó tẹ eékún ba lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi."

Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ tó ń kọrin díẹ̀díẹ̀, orin tí n kò mọ̀. Kò tíì kọrin láti ọjọ́ tó ti dé.

Nígbà tí tíṣà wá, ó bá a sọ̀rọ̀ nínú yàrá pẹ́ díẹ̀, ó wá jáde sí mi. "Ó ní òun ò lọ síbì kankan mọ́. Ó sùn lálẹ́ àná bí òkúta."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Tíṣà lọ, ilé sì dákẹ́. Mo jókòó sí pálọ̀ mi, ọwọ́ lé itan. Àlejò mi kò ní lọ; ṣùgbọ́n dídá wà tí mo torí rẹ̀ wá àlejò, òun náà ni mo fi dá a dúró.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ ń gorí ọjọ́, mo ṣàkíyèsí nǹkan kan. Ilé tí ènìyàn wà nínú rẹ̀ tí kò sọ̀rọ̀, àti ilé tí kò sí ènìyàn, ìdákẹ́jẹ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ti àkọ́kọ́ ní ìwúwo díẹ̀, bí ìgbà tí ọmọ bá sùn sí ènìyàn lẹ́yìn. Èèyàn lè ṣiṣẹ́ lọ nínú rẹ̀. Mo yan gààrí nínú rẹ̀, mo rán aṣọ tó ya. Ìgbà míì, ìmọ́lẹ̀ yóò yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, màá kọjá lọ lórí ìka ẹsẹ̀, ara á sì tù mí. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ tí ọ̀rẹ́ mi ò ní fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?

Lọ́jọ́ Sátidé, a lọ sí pápá ní Ọ̀wọ̀. Àwọn ìyá ilé yòókù di ọwọ́ àlejò wọn mú, wọ́n ti di irun fún àwọn kan, wọ́n ń ya fọ́tò. Tèmi nìkan ló dá jókòó lábẹ́ igi, ó fi nǹkan kékeré di etí. Ìyá kan bi mí bóyá a ti jà. Mo ní rárá, ẹnu iná ló wà. Kò yé e, n kò sì ṣàlàyé.

Wọ́n sáré náà yí pápá ká títí òòyì fi ń kọ́ èmi tí mo jókòó. Ọmọbìnrin kan láti Okeluse, tó wà lára tiwa, ló ṣíwájú, ọmọ pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ń sáré bí ẹni tí ejò ń lé. Tèmi wà lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ń pariwo fún àwọn méjèèjì. "Sá, ọmọ Okeluse! Sá, ọmọ ilé wa!" Mo ní kó mú ọ̀kan. Ó ní ṣé ìbejì kọ́ ni wọ́n. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n dé ibi okùn, wọ́n di ẹgbẹ́ ara wọn, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó máa já a. Ọmọ Okeluse ló já a, àyà ló fi gbà á. Àwọn méjèèjì ṣubú sórí koríko, wọ́n dì mọ́ra wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, èdè kan náà ò sí láàárín wọn.

Ìdí mi ti gbéra lórí àpótí. Mo tún padà jókòó. Mo dúró títí ó fi dìde fúnra rẹ̀, tó wo àárín èrò, tó rí mi, tó sì gbé ọwọ́ sókè. Mo gbé tèmi náà sókè. Ó tó.

Ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, ẹkún pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì. Tèmi kúnlẹ̀, ó dìde, ó dì mọ́ mi, kò pẹ́. Ó wá bá tíṣà sọ Gẹ̀ẹ́sì gígùn kan.

"Màmá, ó ní nínú gbogbo ilé tí eré sísá ti gbé òun dé, tiyín ló dákẹ́ jù. Ó ní òun ò ní gbàgbé bó ṣe dákẹ́."

Ọ̀rẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín. "Wọ́n ń yin iyán ẹlòmíì, ìdákẹ́jẹ́ ni wọ́n yìn tìẹ!"

"Tíṣà, sọ fún un pé mo dúpẹ́," mo ní. "Sọ fún un pé ìdákẹ́jẹ́ yẹn kò ní yí padà. Kó máa bọ̀ nígbàkigbà."

Bọ́ọ̀sì lọ. Tíṣà ní ọdún tó ń bọ̀, tiwa ló máa lọ sọ́hùn-ún. Ó di ọdún tó tẹ̀ lé e kí àlejò tó tún dé. Ó bi mí bóyá màá tún gbà.

"Màá gbà, tí mo bá wà."

"Ẹ máa wà, Màmá."

Ọ̀sán ni a padà dé Iyere. Ọ̀rẹ́ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. "Ṣé kí n wá bá ọ jókòó?"

"Má yọ ara rẹ lẹ́nu. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, kí o wá."

Ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó wọlé. Èmi náà wọlé. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀, irú ìdákẹ́jẹ́ tí mo ti ń bá ṣiṣẹ́ yẹn. Mo jókòó sí pálọ̀, mo tẹ́tí. Alángbá kan sáré lórí páànù. Mo dìde, mo ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì, mo tún jókòó. Rárá, kò sí níbẹ̀. Ti àtijọ́ ló ti padà wọlé.

Mo jáde sẹ́nu ọ̀nà, mo fi ọwọ́ bo ojú nítorí oòrùn, mo pè é láti òdìkejì.

"Ọ̀rẹ́ mi! Máa bọ̀."

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ni!"

"Ilẹ̀ ti ṣú lójú tèmi."